Abẹ́rẹ́ Tí Kò Bá Ẹ̀jẹ̀ Ilé Ọkọ Mi Mu

Ẹ bá mi yin Ọba tó ni èémí! Ẹ tún un yìn, ẹ̀yin ará, torí ohùn tèmi ò lè dé òkè lónìí. Ògo ni fún Un! Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó.

Ó rẹ̀ mí. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wò mí pé kí ló dé tí ẹni tó wá dúpẹ́ ò jó. Láti ọjọ́ tí nǹkan yìí ti ṣẹlẹ̀ ni ara mi ò tíì padà sípò. Mò ń sùn, oorun ò tó. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, ẹsẹ̀ ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Mi ò fẹ́ kí Ọlọ́run kà mí mọ́ ọlọ́ṣà. Ìdí tí mo fi dìde nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Dámilọ́lá tó ń rán kọ́tìnnì l'Ájàh. Bàbá Dámilọ́lá, ọkọ mi, táìlì ló ń lẹ̀. Ìjẹ̀bú la ti wá, nígbà tí wọ́n ń kọ́lé bí ẹni ń gbin àgbàdo lójú títì márosẹ̀ Lẹ́kkí yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ilé tí ẹ ń rí ní àdúgbò Abraham Adésànyà, ọkọ mi ti kúnlẹ̀ nínú wọn. Ìkúnlẹ̀ àdúrà kọ́ o, ìkúnlẹ̀ táìlì ni. Nígbà tí iṣẹ́ dín kù níbẹ̀, ó bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Lẹ́kkí Free Zone. Á lọ lọ́jọ́ Ajé, á sùn sáìtì, á sì padà sílé lópin ọ̀sẹ̀.

Ọkọ mi ní ìpá. Ẹ̀yin èwe tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, ẹ má rẹ́rìn-ín, àìsàn bíi ti gbogbo èèyàn ni. Ẹni tó ń lóṣòó látàárọ̀, tó ń gbé páálí táìlì gun òkè ilé, kí lẹ rò pé ikùn rẹ̀ á ṣe? Ó ń yọ síta, ó ń padà wọlé. Tó bá yọ, á fi ọwọ́ tì í wọlé, á so ọ̀já mọ́ ikùn, á tún gbé páálí. Mo sọ̀rọ̀ títí ẹnu fi bó mi. Ó ní kí sáìtì yìí kọ́kọ́ parí. Sáìtì wo ló parí rí lójú títì yìí?

Nígbà tó wá di ọjọ́ kan, ìpá náà yọ, ó kọ̀, kò wọlé mọ́. Ó le gbagidi. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ikùn rẹ̀ wú. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù sáìtì, wọ́n gbé e gba títì márosẹ̀ bọ̀. Wọ́n pè mí pé kí n máa bọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Igbó Ẹfọ̀n. Mo fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Bí mo ṣe ń jáde, Màámi ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti ró ìró, wọ́n ti mú Bíbélì wọn. Màámi ni ìyá ọkọ mi, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé láti ìgbà tí mo bí àbígbẹ̀yìn mi. Mo ní kí wọ́n dúró ti àwọn ọmọ. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo bí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ níbẹ̀ yẹn ná, pé a bá a láàyè. Olúwa, mo dúpẹ́.

Dókítà tó máa ṣiṣẹ́ abẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó dé. Bàbá olójú líle kan ni wọ́n, wọn ò fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Wọ́n ní ìfun ti há sínú ìpá yẹn, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bí àwọn ò bá tètè ṣí i, ìfun yẹn á kú, bí ìfun bá sì kú sínú èèyàn... Wọn ò parí ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí i. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?

Ìgbà náà ni dókítà kejì wá, èyí tó máa kun ún lóorun. Obìnrin ni. Màá máa pè é ní "ó" fún yín, torí àbúrò mi ló máa jẹ́, kì í ṣe pé mi ò bọ̀wọ̀ fún un. Ojú rẹ̀ ti rẹ̀ bíi tèmi, ṣùgbọ́n ó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó béèrè ohun tí ọkọ mi jẹ kẹ́yìn. Ó béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Ó wá ní, "Nínú ìdílé yín, ṣé ẹnì kan wà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún rí, tí oorun yẹn tàbí èémí fún un ní wàhálà?"

Ìrora ò jẹ́ kí ọkọ mi dáhùn. Ìyá rẹ̀ ló ń wò. Màámi dáhùn kíá. Wọ́n ní rárá o, kò sí irú ẹ̀ nílé àwọn, ara àwọn ọmọ àwọn le. Dókítà náà dúpẹ́, ó yí padà.

Ẹ̀yin ará, ọkàn mi lù kì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lù ú fún yín.

Màámi ní ẹ̀rí kan. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ń jẹ́ ẹ níbi ìkórè, wọ́n ń jẹ́ ẹ níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ti jẹ́ ẹ fún ẹni tó wá ka mítà iná wa rí. Màámi kì í gé e kúrú. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, àwa ilé á ti mọ ibi tí wọ́n máa sunkún àti ibi tí wọ́n máa kọrin. Ọ̀rọ̀ àkọ́bí wọn ni, Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde títí dòní. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọ́n gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ nítorí inú rírun. Iṣẹ́ abẹ parí, Kúnlé ò mí. Wọ́n ń fún rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i lẹ́nu, ọwọ́ nọ́ọ̀sì kan á rẹ̀, òmíràn á gbà á. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú, Màámi ń yí nílẹ̀ níta. Lẹ́yìn náà ni Kúnlé mí. Wọ́n á wá ní, "Ọmọ mi kú, Ọlọ́run mi jí i!" Gbogbo ìjọ á sì dìde.

Ẹ̀rí tí ó ti sú mi ni. Mo sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run, ó ti sú mi. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, mo máa ń rántí pé mo gbé nǹkan ka iná. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn yẹn, àfi bí ẹni pé ẹnì kan ń kà á sí mi létí. Kúnlé ò mí. Oorun àti èémí. Ohun tí dókítà yìí béèrè kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ló ń já ìyá ọkọ rẹ̀ nírọ́ lójú àlejò? Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti tú àṣírí ilé ọkọ. Bí mo bá dákẹ́... Wọ́n ti ń ti bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi lọ. Táyà rẹ̀ kan ń dún kẹ́-kẹ́ nílẹ̀. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mí."

Ó dúró. Màámi wò mí bí ẹni wo àjèjì. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹ̀rí ni mo jẹ́. Mi ò sọ fún ọ pé ọmọ mi lárùn. Ṣé o fẹ́ gba ògo lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?"

Dókítà abẹ yọjú pé kí ló ń ṣẹlẹ̀, àsìkò ń lọ. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Àwọn ẹlòmíì, dókítà tó kàwé bẹ́ẹ̀ yẹn, wọn ì bá ti jágbe mọ́ ìyá arúgbó. Obìnrin yẹn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan níwájú Màámi, nínú aṣọ iṣẹ́ abẹ rẹ̀, ó ní, "Màmá, Ọlọ́run ló ṣe é. Mo gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe ṣe é fún mi."

Àyà Màámi rọ̀. Wọ́n tún ẹ̀rí yẹn jẹ́ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, láìkọrin. Dókítà ń bi wọ́n ní ìbéèrè tí ìjọ kankan ò bi wọ́n rí. Ṣé ara Kúnlé ń gbóná gan-an? Rárá, ara rẹ̀ tutù díẹ̀ ni. Ṣé ara rẹ̀ le? Wọ́n ní ó rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn. Nígbà tó jí, kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ìgbà yẹn ni Màámi sọ ohun tí èmi ò gbọ́ rí. Wọ́n ní Kúnlé sọ fún àwọn pé òun ti jí tipẹ́tipẹ́ nínú rẹ̀. Ó ń gbọ́ igbe àwọn níta. Ó fẹ́ gbé ìka, ìka ò gbé. Wọ́n ní àwọn kì í sọ ibẹ̀ yẹn nínú ìjọ, torí ó ń dẹ́rù ba àwọn.

Dókítà dìde. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní kó gbé abẹ́rẹ́ kan báyìí kúrò nínú àwo, kó má ṣe sí lọ́dọ̀ aláìsàn yìí rárá.

Ó ṣàlàyé fún wa, ó sì sọ ọ́ kó yé wa. Ó ní tí àwọn bá kun èèyàn lóorun, àwọn tún máa ń fún un ní oògùn tó ń mú gbogbo iṣan ara dẹ̀. Tí iṣan bá dẹ̀, èèyàn ò lè mí fúnra rẹ̀. Àwọn á ti rọ́bà kan bọ̀ ọ́ lọ́fun, ibẹ̀ ni àwọn á ti máa mí fún un. Ó ní inú ọkọ mi ti dí, omi àti oúnjẹ tó wà níbẹ̀ ń wá ọ̀nà àtigòkè. Láàárín ìgbà tó bá sùn sí ìgbà tí rọ́bà bá wọlé, nǹkan yẹn lè ya wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì lè pa á. Torí náà oògùn tó ń yára jù lọ ni wọ́n ń lò fún irú ẹ̀. Ó ń mú ara dẹ̀ kí èèyàn tó ka Baba Wa Tí Ń Bẹ Lọ́run tán, kì í sì í pẹ́ lára. Ṣùgbọ́n àwọn ìdílé kan wà tí ohun tó ń tú oògùn náà ká nínú ẹ̀jẹ̀ ò tó, àjogúnbá ni. Lára wọn, oògùn náà kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó ní òun rò pé ohun tó ṣe Kúnlé nìyẹn, ó sì lè wà lára àbúrò rẹ̀.

Dókítà abẹ ní, "Kí la máa wá lò? Èyí tó kù ń falẹ̀."

Ó ní, "Mo mọ̀, sà. Màá mú un yá."

Bó ṣe máa mú un yá, ó ní òun máa kọ́kọ́ fún ọkọ mi ní díẹ̀ bín-ín-tín lára oògùn kejì tó ń falẹ̀ yẹn nígbà tí ojú rẹ̀ ṣì là, kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Òun á dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òun á wá kun ún lóorun, òun á fún un ní ìyókù pa pọ̀. Torí pé ti àkọ́kọ́ ti la ọ̀nà, ti ẹ̀yìn á yára ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó ní kò sí èyí tí kò ní ewu tirẹ̀, òun ò ní purọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá parí, oògùn wà tí òun lè fi tú ti kejì yìí sílẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ tí òun ní kí wọ́n gbé kúrò yẹn, kò sí. Ó kọjú sí ọkọ mi, ó ní, "Ìpéǹpéjú yín á wúwo. Ẹ lè máa rí nǹkan ní méjì-méjì, itọ́ lè ṣòro láti gbé mì. Ẹ má jà, ẹ ṣáà máa mí. Mo wà lórí yín."

Ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú. Mo rò pé ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ nípa àwọn ọmọ. Ó ní, "Má bá Màámi jà." Wọ́n ti i wọlé.

Ẹ̀yin ará, mi ò lè sọ fún yín pé mo gbàdúrà bí akíkanjú. Mi ò rí àdúrà gbà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, gbogbo ọdún tí mo ti lò lójú títì yìí wá bá mi níbẹ̀, ó jókòó sí mi léjìká. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mò ń sọ: "Èémí, Olúwa. Èémí." Màámi jókòó sí ìpẹ̀kun kejì, wọn ò wojú mi.

Ìgbà tó yá ni wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mo fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Mo ní, "Rárá, Màámi. Kò wá sí mi lọ́kàn."

Wọ́n wá sọ fún mi pé nígbà tí ti Kúnlé ṣẹlẹ̀, àwọn ará àdúgbò ní abíkú ni wọ́n bí. Ẹnì kan ò fẹ́ kí ọmọ òun fẹ́ ẹ mọ́. Wọ́n wá pinnu pé àwọn ò ní pe nǹkan yẹn ní àìsàn láéláé. Iṣẹ́ ìyanu ni àwọn á máa pè é, àwọn á sì pariwo rẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò ní rí àyè pè é ní orúkọ mìíràn. Mo wo ìyá yìí. Ẹ̀rí tó ti sú mi, àṣé asà ni wọ́n fi bo ọmọ wọn. Mo sún mọ́ wọn lórí bẹ́ǹṣì, mo gbé orí lé wọn léjìká, wọn ò tì mí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Dókítà obìnrin yẹn jáde, ó ti yọ ìbòmú, àpá okùn rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Mo dìde.

Ó ní, "Ó ń mí fúnra rẹ̀."

Ògo! Ẹ bá mi pariwo ẹ̀, ẹ̀yin tí agbára ṣì kù fún! Ó ń mí fúnra rẹ̀! Ó ní rọ́bà wọlé wéré, nǹkan kan ò gòkè wá. Dókítà abẹ tẹ̀ lé e jáde, wọ́n ní ìfun náà ti ń dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tú u sílẹ̀, ó pọ́n padà, àwọn ò gé nǹkan kan. Bàbá olójú líle yẹn wá wo Màámi, wọ́n ní, "Màmá, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ̀rọ̀." Mo dúpẹ́ o, Olúwa mi. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́.

Nígbà tí ọkọ mi lè sọ̀rọ̀, ó ní lóòótọ́ ni ìpéǹpéjú òun wúwo bí ẹni pé wọ́n gbé páálí táìlì lé e. Ó ní ẹ̀rù ba òun, ṣùgbọ́n ohùn obìnrin yẹn ń bẹ létí òun pé kí òun máa mí, òun sì ń mí títí òun ò fi mọ nǹkan kan mọ́.

Dókítà sọ fún wa pé kì í ṣe ọkọ mi nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ní gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀, àti àwọn ọmọ tiwa náà, kí wọ́n máa sọ ọ́ fún dókítà kí wọ́n tó sùn fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò níbi tí wọ́n bá ti lè yẹ̀ ẹ́. Màámi ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní kí n bá àwọn pe Bùkọ́lá. Bùkọ́lá ni àbíkẹ́yìn wọn, oyún inú rẹ̀ ti wọ oṣù rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹ̀yin ará, mi ò tiẹ̀ rántí Bùkọ́lá! Nínú gbogbo ìdààmú yẹn, mi ò rántí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló rántí.

Mo pè é, mo di fóònù náà mú sí wọn létí. Wọ́n ní, "Bùkọ́lá, jókòó. Ẹ̀rí ẹ̀gbọ́n ẹ tí mo máa ń jẹ́, mi ò jẹ́ ẹ tán fún yín rí. Gbọ́ èyí tó kù."

Bùkọ́lá ti bímọ. Obìnrin ni. Ó sọ fún àwọn dókítà rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ yẹn sílẹ̀. Màámi wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń wẹ ọmọ. Ìdí tí ẹ ò fi rí wọn nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ìṣòro lónìí, tó ti rẹ̀ yín bó ṣe rẹ̀ mí, tí ẹ ò tiẹ̀ rí àdúrà gbà, Ọlọ́run ò bínú sí àárẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó, Ó gbọ́ tèmi. Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ̀rí tẹ́ ẹ ń jẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ibi tó ń dẹ́rù bà yín kún un. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín irú oorun tí ẹ sùn, àti bí ẹ ṣe jí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé, tí ìyá ọkọ yín bá tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn tó ti sú yín, ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná, kó jóná. Ẹ jókòó, ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó. Bàbá Dámilọ́lá wà níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti sùn lọ. Ẹ má jí i, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti ń wo àyà rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀.